Báwo la ṣe lè fi Òlíńpíìkì tàbí Ife Àgbáyé wá oníbàárà nílẹ̀ òkèèrè?

ỌjàÒkèèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké kan fẹ́ kó ogún ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí orílẹ̀-èdè tó máa gbàlejò ìdíje ńlá kan, kí wọ́n fi àsìkò náà wá ẹni tó máa rajà lọ́wọ́ wọn. Aṣọ eré ìdárayá, báàgì aláwọ àti oúnjẹ inú agolo ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí wọ́n ń gbèrò ni pé kí wọ́n gba àgọ́ kan nítòsí pápá, kí wọ́n tẹ àmì ìdíje náà sára báàgì, kí wọ́n sì ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí wọ́n bá fẹ́ bá dòwò pọ̀.

Ṣé èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí ariwo lásán ni? Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe máa kó àpẹẹrẹ ọjà wọlé láìsan owó ibodè lórí ohun tí wọn ò ní tà? Ẹni tó mọ bó ṣe ń lọ ni kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn, kì í ṣe ẹni tó kàn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù.

Alárinà_Ọjà:

Èrè wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí nítòsí pápá. Èrò tó ń wọ́ lọ wo eré, omi àti ìpápánu ni wọ́n fẹ́ rà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó máa ní kẹ́ ẹ kó kọ̀ǹtéínà kan wá fún òun. Ẹni tẹ́ ẹ ń wá ni òṣìṣẹ́ tó ń bá ilé ìtajà ńlá ra ọjà, ó sì ṣeé ṣe kó má tẹsẹ̀ bọ pápá títí ìdíje á fi parí. Ohun tí ìdíje ń ṣe fún yín ni pé ó ń fún yín ní ohun tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, ìjọba, báǹkì àti ẹgbẹ́ oníṣòwò ibẹ̀ á ṣílẹ̀kùn fún àlejò tí wọn ì bá má dá lóhùn lọ́jọ́ míì.

Àwọn tó ti ṣe é dáadáa, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Nígbà Sydney 2000, ìjọba Ọsirélíà dá Business Club Australia sílẹ̀ láti so oníléeṣẹ́ wọn mọ́ àwọn àlejò tó wá wòran, wọ́n sì tún lò ó nígbà Ife Àgbáyé rugby 2003 àti Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Melbourne lọ́dún 2006. Ní London 2012, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ Lancaster House, ilé ìjọba kan ní London, di ibi ìpàdé oníṣòwò tí wọ́n pè ní British Business Embassy. Ìpàdé ńlá lórí ìdókòwò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, ó ku ọ̀la kí ìdíje ṣí, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń ya ìpàdé sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Yàrá, tábìlì àti orúkọ ẹni tó ń bọ̀ ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, wọn ò pa àgọ́ kankan.

Ní ti àkókò: bó bá jẹ́ pé ìdíje náà gan-an lẹ fẹ́ tajà fún, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ọdún 2017 ni Los Angeles ti gba ti 2028, ọdún 2021 ni Brisbane ti gba ti 2032. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ńlá ló ń kọ́kọ́ gba iṣẹ́, ọwọ́ wọn sì ni iléeṣẹ́ kékeré ti ń gba tirẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìdíje. London ní ìkànnì kan tó ń jẹ́ CompeteFor tí wọ́n ń kéde irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ béèrè bóyá irú rẹ̀ wà níbi tẹ́ ẹ ń lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde ẹni tó gba iṣẹ́ ńlá kan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí i, nítorí ìgbà yẹn ló ń wá ẹni tó máa bá a pèsè nǹkan.

Bó bá jẹ́ oníbàárà lásán lẹ ń wá, oṣù 12 tó. Ẹ fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kó orúkọ 60 jọ, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹ kù sí 25: ẹni tó ti ń ra irú ọjà yín láti ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́fà, lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde. Ó ku oṣù mẹ́ta, ọjọ́ ìpàdé ti fìdí múlẹ̀. Ìpàdé mẹ́rin lójúmọ́ ni kí ẹnì kan ṣe mọ. Ẹni tó bá ṣe meje kò ní rántí ẹni tó sọ kí ni.

Ibi táwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀ jù ni ọjọ́ àti ibi ìpàdé. Ẹ má fi ìpàdé sí ọjọ́ ìṣísílẹ̀ tàbí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù onílé bá ń ṣeré. Ẹ ò ní rẹ́nì kankan ní ọ́fíìsì. Ọ̀nà náà ńkọ́? Ní Paris 2024, ọjọ́ 26 oṣù Keje ni ayẹyẹ ìṣísílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 18 ni wọ́n ti sé etí odò Seine mọ́. Ẹni tí kò ní kóòdù QR kò lè kọjá. Bí ọ́fíìsì oníbàárà yín bá wà nínú irú àyíká bẹ́ẹ̀, àdéhùn ìpàdé yín ti wọmi. Ẹ gba àdírẹ́ẹ̀sì kíkún kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́, kẹ́ ẹ fi wé máàpù ọ̀nà tí wọ́n máa pa.

Ohun kan tí kì í yé ọ̀pọ̀: ẹgbẹ́ eléré ìdárayá sábà máa ń gúnlẹ̀ sí ìlú kékeré kan ṣáájú ìdíje láti gbára dì. Ìlú yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Wọ́n ti mọ orúkọ orílẹ̀-èdè yín, olórí ìlú fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò òun pẹ̀lú àlejò, ilé ìtura ò sì tíì gbówó lérí. Japan sọ ọ́ di ètò ìjọba fún Tokyo 2020, Host Town ni wọ́n pè é. Àwọn eléré South Sudan dé Maebashi ní oṣù Kọkànlá 2019, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí ìdíje tí wọ́n sún síwájú fi wáyé ní 2021. Ọdún kan àti ààbọ̀ ó lé. Ìgbà yẹn tó kí ẹgbẹ́ oníṣòwò méjèèjì ti mọ ara wọn bí ẹní mowó.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìlà mẹ́fà lọ. Irú èyí, ní èdè oníbàárà:

*«Ẹ kú iṣẹ́. Báàgì aláwọ fún ọkọ̀ òfuurufú la ń ṣe, ẹgbẹ̀rún méjì la lè ṣe lóṣù. Mo rí i pé ẹ̀ ń ta irú rẹ̀ ní ilé ìtajà yín. A máa wà ní ìlú yín láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 7. Ṣé ẹ lè fún wa ní ogún ìṣẹ́jú ní ọjọ́ 4 tàbí 5, ní ọ́fíìsì yín? Ìwé iye owó wà nínú èyí.»*

Nínú ìwé iye owó yẹn: nọ́ńbà HS oníye mẹ́fà (òun ni kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń dá irú ọjà mọ̀), iye tó kéré jù tẹ́ ẹ lè tà, ìwọ̀n àti ìtóbi páálí kan, ọjọ́ tó máa gbà láti ṣe é, ọjọ́ tí iye owó náà máa kásẹ̀, àti Incoterms (ọ̀rọ̀ àdéhùn tó ń sọ ibi tí ìnáwó àti ewu ẹni tó ń tà parí sí) pẹ̀lú orúkọ ibi náà. «FOB» (ẹ̀ ń gbé ẹrù dé inú ọkọ̀ ojú omi) nìkan kò tó. FOB èbúté wo?

Ẹnubodè:

Èmi á dáhùn ti owó ibodè. Ìwé tẹ́ ẹ ń wá ni ATA Carnet, ìwé tó ń jẹ́ kí ẹrù wọ orílẹ̀-èdè fún ìgbà díẹ̀ láìsan owó ibodè. Nǹkan bí orílẹ̀-èdè 80 ló ń gbà á, ó sì wúlò fún oríṣi ẹrù mẹ́ta: àpẹẹrẹ ọjà, irinṣẹ́ ẹni tó wá ṣiṣẹ́, àti ẹrù fún àfihàn. Ọdún kan ló ń lò. Ẹgbẹ́ oníṣòwò tó láṣẹ ní orílẹ̀-èdè yín ló ń fún ni, wọ́n á sì gba ohun ìdúró lọ́wọ́ yín, owó tàbí ìwé báǹkì. Bí orílẹ̀-èdè yín tàbí tibi tẹ́ ẹ ń lọ ò bá sí nínú rẹ̀, ẹ máa lo àṣẹ ìwọlé onígbà díẹ̀ ti kọ́sítọ́ọ̀mù ibẹ̀, ẹ ó fi owó dúró, wọ́n á dá a padà tí ẹrù bá jáde. Ìdíje máa ń mú orílẹ̀-èdè wọlé sínú ètò yìí o: Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 2016, ọdún Òlíńpíìkì Rio, Qatar ní 2018, ọdún mẹ́rin ṣáájú Ife Àgbáyé tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó rèé. Nínú ìwé náà ni àkọsílẹ̀ ẹrù wà: orúkọ, iye, ìwọ̀n, iye owó, ibi tí wọ́n ti ṣe é, nọ́ńbà ìdánimọ̀ bó bá ní. Tí wọ́n bá ti fún yín tán, ẹ ò lè fi ohunkóhun kún un. Ní gbogbo ẹnubodè, kọ́sítọ́ọ̀mù á ya ìwé kan (voucher), wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí gbòǹgbò rẹ̀ tó ṣẹ́ kù sínú ìwé. Ewé ìgbà tí ẹrù ń jáde nílé àti ìgbà tó ń padà wọlé jẹ́ àwọ̀ ìyeyè (yẹ́lò), ti ìwọlé àti ìjáde nílẹ̀ òkèèrè jẹ́ funfun, ti ẹni tó kàn ń gba ibẹ̀ kọjá jẹ́ búlúù.

Níbi tó ti ń bàjẹ́: ẹni tó gbé àpótí náà kọjá ní ọ̀nà «mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ» pẹ̀lú èrò yòókù, kò dúró lu òǹtẹ̀. Lójú kọ́sítọ́ọ̀mù ibẹ̀, ẹrù yẹn ò jáde. Wọ́n ní ọdún kan lẹ́yìn tí carnet bá kásẹ̀ láti béèrè owó, ẹ̀yin sì ní oṣù mẹ́fà láti mú ẹ̀rí wá. Bí ẹ ò bá rí i, owó ibodè gbogbo pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá lórí rẹ̀ lẹ máa san. Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo ni kó mú carnet dání, kí ó dé pápákọ̀ òfuurufú ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú, kó wá ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù kó tó fi àpótí sílẹ̀ fún ọkọ̀. Tí àpótí bá ti wọlé sínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa lu òǹtẹ̀ fún yín.

Ìdíje tó wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ tún ní tirẹ̀. Ife Àgbáyé 2026 wà ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò. Ẹni tó bá gba Amẹ́ríkà lọ sí Kánádà, tó tún padà sí Amẹ́ríkà, ìwọlé Amẹ́ríkà méjì nìyẹn; ìdì ewé funfun méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ti ìwọlé àti ti ìjáde, ló gbọ́dọ̀ wà fún un. Ẹ ka ìrìn yín kẹ́ ẹ tó gba ìwé.

Àpótí pátákó ńkọ́? Òfin ISPM 15, òfin àgbáyé lórí pátákó tí wọ́n fi ń di ẹrù, ní kí ooru inú pátákó dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n sì lu àmì HT (pé wọ́n ti fi ooru tọ́jú rẹ̀) sí i. Àpótí tí kò ní àmì, wọ́n lè dá a padà tàbí kí wọ́n sun ún. Pílíwúùdù kò sí lábẹ́ òfin yìí, ẹ fi ìyẹn kan àpótí yín kí ọkàn yín balẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Ọjà:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má tẹ ohunkóhun sára báàgì. Onígbọ̀wọ́ ló ra ẹ̀tọ́ àmì yẹn, olówó gọbọi sì ni. Kì í ṣe àmì nìkan o. Òfin tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2006 fún London pín ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà méjì. «Games» àti «2012» wà ní apá kan. «Gold», «silver», «bronze», «medals», «summer», «sponsor» àti «London» wà ní apá kejì. Ẹni tó bá so méjì pọ̀ láti apá kìíní, tàbí ọ̀kan láti apá kìíní mọ́ ọ̀kan láti apá kejì, nínú ìpolówó, ilé ẹjọ́ lè wò ó bí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ara ìdíje. Orílẹ̀-èdè tó bá gbàlejò sábà máa ń ṣe irú òfin tirẹ̀. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó tẹ ìwé ìpolówó.

Àyíká pápá pẹ̀lú kò ṣeé fi ṣeré. Ní 2010, ní Soccer City ní Johannesburg, àwọn obìnrin 36 wọ aṣọ olómi-ọsàn kan náà wá wo Netherlands àti Denmark. Iléeṣẹ́ ọtí Bavaria ló ni aṣọ náà, kò sì sí orúkọ gàdàgbà kankan lára rẹ̀. FIFA kó wọn jáde, ọlọ́pàá mú méjì nínú wọn. Àgọ́ tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn kò ní pé wákàtí kan.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé ń rà, ìwé àdéhùn rẹ̀ sábà máa ń kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ẹ̀bùn ìpolówó tàbí fi gbàlejò oníbàárà. Ẹni tó bá fẹ́ gbàlejò, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tí ìdíje yàn fún un ló ti ń rà. Iléeṣẹ́ On Location ló ṣe é fún Paris 2024.

Ẹni tó bá sì rí iṣẹ́ gbà lára ìdíje, kó ka ibi tí àdéhùn ti sọ̀rọ̀ nípa ìpolówó. Àwọn tó pèsè nǹkan fún London kò láṣẹ láti sọ ọ́ síta. Ìgbà tó di oṣù Kìíní 2013 ni wọ́n tó dá ètò tó ń fún wọn láyè sílẹ̀. Ẹ béèrè fún àyè yẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, nítorí orúkọ pé ẹ ṣe é lè níye lórí ju owó iṣẹ́ lọ.

ỌjàÒkèèrè:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ ti gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú. Méjì ló kù. Oúnjẹ inú agolo tí àwọn èèyàn máa tọ́ wò, ṣé carnet gbà á? Àti pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rajà fún ilé ìwé àti ilé ìwòsàn wá wo eré. Ṣé kò léwu?

Ẹnubodè:

Carnet kò gba ohun tí wọ́n máa jẹ tán. Ẹ ṣe ìwé ọjà ọ̀tọ̀ fún un, kẹ́ ẹ kọ «àpẹẹrẹ, kì í ṣe fún títà», kẹ́ ẹ sì kọ iye owó gidi. Ẹ má kọ òdo. Kọ́sítọ́ọ̀mù á fúnra wọn bu iye tó wù wọ́n lé e. Bí ẹran tàbí wàrà bá wà nínú rẹ̀, ẹ má gbé e sínú àpótí ara yín lọ sí orílẹ̀-èdè Ẹgbẹ́ Yúróòpù, wọ́n á gbà á dànù. Ẹ gba ìwé àṣẹ ṣáájú, tàbí kẹ́ ẹ kó ti ẹ̀wà àti tòmátì nìkan lọ.

Àti físà: ẹ gba ti oníṣòwò. B-1 ti Amẹ́ríkà gbà kí ẹ dúnàádúrà, kí ẹ fọwọ́ sí àdéhùn; kò gbà kí ẹ dúró máa tajà fún èrò.

Agbẹjọ́rò_Ọjà:

Ó léwu gidi gan-an. Ẹ wo ti BHP Billiton, iléeṣẹ́ awakùsà ńlá. Wọ́n pe òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti iléeṣẹ́ ìjọba 176 sí Òlíńpíìkì Beijing 2008, àwọn 60 ló wá, àwọn kan mú ọkọ tàbí aya dání. Ètò ẹnì kan jẹ́ dọ́là 12,000 sí 16,000. Ní oṣù Karùn-ún 2015, SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, gba mílíọ̀nù 25 dọ́là lọ́wọ́ wọn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mú nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n ń béèrè lórí fọ́ọ̀mù náà bóyá ọ̀rọ̀ òwò kan wà nílẹ̀ láàárín iléeṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n fẹ́ pè. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ẹ̀ka tó kọ ọ́, àwọn kan ò sì kọ ọ́ pé.

Nítorí náà: ẹ kọ lẹ́tà ìpè sí iléeṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe sí òun fúnra rẹ̀, iléeṣẹ́ ni kó yan ẹni tó ń bọ̀. Bí àdéhùn tàbí ìwé àṣẹ yín bá wà lórí tábìlì rẹ̀ báyìí, ẹ má pè é rárá. Kò sí aya, kò sí ọkọ, kò sí owó ìnáwó lọ́wọ́. Ẹni tí kò sí lára ètò títà ni kó fọwọ́ sí i. Ní tèmi o, ẹ pè é sí ìpàdé àárọ̀ pẹ̀lú tíì àti búrẹ́dì, kẹ́ ẹ fi eré sílẹ̀.

Wò_Ó_Dáadáa:

Ẹ jẹ́ kí n bu omi tútù díẹ̀ sí i. Wọ́n máa kó iye owó ńláńlá síwájú yín láti fi gba owó ẹgbẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde ní 2013 pé London mú bílíọ̀nù 9.9 pọ́ùn wọlé. Ẹ tú u: 5.9 jẹ́ ọjà tí wọ́n ní ìpolówó ìdíje ló fà á, 2.5 jẹ́ ìdókòwò láti òkèèrè, 1.5 jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rí gbà nílẹ̀ mìíràn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló rọrùn láti gbà gbọ́, nítorí àdéhùn wà tó ṣeé fi ọwọ́ tọ́ka sí. Fún méjì yòókù, èwo nínú rẹ̀ ni kì bá tí wá bí kò bá sí ìdíje?

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Andrew Rose àti Mark Spiegel, wo orílẹ̀-èdè tó gbàlejò Òlíńpíìkì, wọ́n rí i pé títa ọjà sókèèrè wọn ga ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó du ìdíje tí wọn ò rí i gbà náà rí irú èrè yẹn. Ìyẹn ni pé kì í ṣe pápá ló ń mú ọjà tà. Orílẹ̀-èdè tó ti pinnu láti ṣí ẹnubodè rẹ̀ ló máa ń du ìdíje. Oṣù Keje 2001 ni Beijing gba Òlíńpíìkì, kí ọdún yẹn tó parí China ti wọ WTO, àjọ ìṣòwò àgbáyé. Ọdún 1986 ni Barcelona gba ti 1992, ọdún yẹn náà ni Spain wọ ọjà àjùmọ̀ní Yúróòpù. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò lórí orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ń lọ ni bóyá owó ibodè ọjà yín ti ń wálẹ̀, kí ẹ tó wo bí pápá rẹ̀ ṣe rẹwà tó.

Ẹ tún ní owó tí ẹ máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìyípadà òjijì. Tokyo yẹ̀ ní ọdún kan, olùwòran ò sì wá láti òkèèrè. Ní Qatar 2022, ó ku ọjọ́ méjì kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fòfin de títa bíà ní àyíká pápá, onígbọ̀wọ́ ọlọ́tí sì wà níbẹ̀ tó ti san owó rẹ̀. Ilé ìtura tí kò ní dá owó padà, ẹ má san án pé.

Alárinà_Ọjà:

Wò_Ó_Dáadáa ti sọ òótọ́, mi ò jiyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ẹgbẹ́ pín owó ìrìn sí mẹ́ta, kí ìdá kan nínú rẹ̀ wà fún lẹ́yìn ìdíje. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jó owó wọn níná: wọ́n dé ilé, káàdì 40 wà nínú àpò, kò sẹ́ni tó pe ẹnì kankan.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé gan-an, kẹ́ ẹ kọ ohun mẹ́ta sẹ́yìn káàdì: ohun tó béèrè, ohun tẹ́ ẹ ṣèlérí, ọjọ́ tẹ́ ẹ dá. Láàárín ọjọ́ méjì, ìfiránṣẹ́ kúkúrú lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 14, iye owó tó kún, tó bá ohun tó béèrè mu. Láàárín ọjọ́ 30, àpẹẹrẹ tó ti yí padà bó ṣe fẹ́ ti wà lọ́nà. Ní ọjọ́ 90, ẹ pè é lórí fóònù. Ẹni tí kò dáhùn títí di ìgbà náà, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé.

Ọjà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kéré, bíi ìdá mẹ́wàá nínú ohun tẹ́ ẹ lè ṣe lóṣù. Bí awọ bá wá pẹ̀lú àbùkù tàbí tí páálí ya lójú omi, ẹ lè fara dà á, ẹ sì lè tún un ṣe kí ìkejì tó lọ.